Ṣé ìwé láàbù lè sọ bóyá bàbá mi á yè?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Bàbá mi, ẹni ọdún 67, wọ ICU, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le jù, ní Ọjọ́ Ajé. Wọ́n ní àtọ̀gbẹ, metformin ni wọ́n ń lò sí i. Ìtọ̀ wọn ló dí, kó tó di pé àkóràn wọ inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ti fi rọ́bà fa ìtọ̀ náà, wọ́n sì ń fún wọn ní oògùn apakòkòrò àti noradrenaline tó ń gbé ìfúnpá wọn ró. Mo kọ èsì àyẹ̀wò sílẹ̀ láti Ọjọ́ Ajé títí di òní, Ọjọ́rú. Lactate: 5.2, 3.9, 2.6. Creatinine: 2.1, 2.8, 3.0. Platelet: 140, 96, 82. Procalcitonin: 38, 41, 22. Albumin, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é, 2.4. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Lọ́ńdọ́nù kó iye ti Ọjọ́ Ajé sínú ẹ̀rọ ìṣirò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní nínú èèyàn mẹ́wàá tó bá rí báyìí, mẹ́rin ló máa ń kú, kí a má wulẹ̀ ta ilẹ̀ bàbá nítorí owó ICU. Ìyá mi kò jẹun láti àná. Ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ lè sọ ẹni tó máa kú?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn, ẹ sì kú àìsùn. Ọlọ́run á fún bàbá ní àlàáfíà. Kí ẹ tó ka ohun tí mo kọ síwájú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu oúnjẹ fún màmá. Aláìsàn kan ti tó ìdílé kan í tọ́jú.

Láìfepobọyọ̀, ẹ̀jẹ̀ kò lè nawọ́ sí ẹni tó máa kú. Bí a bá kó ọgọ́rùn-ún èèyàn jọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn rí bákan náà ní irú wákàtí kan náà, ó lè fún wa ní àfojúbù iye tí kò ní padà sílé. Bóyá bàbá yín wà lára àwọn tó padà sílé, ìwé láàbù kì í ṣe ọpọ́n Ifá, kò lè dá ìyẹn. Èmi náà kò rí bàbá rí, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ló ni ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n iye tí ẹ kọ ránṣẹ́ yìí ní ohun tó ń sọ, ó sì yàtọ̀ sí ohun tí ẹ̀gbọ́n yín gbọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n yín kò purọ́ o. Ibi tó ti rí mẹ́rin nínú mẹ́wàá yé mi. Lọ́dún 2016, àwọn amòye tún ìtumọ̀ sepsis ṣe, ìyẹn ni pé kí àkóràn da ara rú débi pé àwọn ẹ̀yà inú á máa daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní bí wọ́n bá ti fa omi tó sí ẹni tó ní in lára, tó ṣì jẹ́ pé oògùn ló gbé ìfúnpá rẹ̀ ró, tí lactate rẹ̀ sì ju 2 lọ, nínú 100 irú wọn, ó lé díẹ̀ ní 40 tó ń kú ní ilé ìwòsàn. Ní Ọjọ́ Ajé, àpèjúwe yẹn bá bàbá yín mu wẹ́kú. Ṣùgbọ́n bí ogójì àti díẹ̀ bá kú nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó yè ló ṣì pọ̀ jù. Òní sì kọ́ ni Ọjọ́ Ajé mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí lactate, torí òun ni ojú mi máa ń kọ́kọ́ wá lórí ìwé. Ẹ wo ara bí ilé. Bí NEPA bá mú iná wá, gbogbo nǹkan ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí wọ́n bá mú un lọ, a ó tan jẹnẹrétọ̀. Iṣẹ́ ń lọ, àmọ́ èéfín ń jáde. Ọ́síjìn ni iná NEPA tí ara ń lò. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá gbé e dé ibi tó yẹ mọ́, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í sun ṣúgà láìsí ọ́síjìn, lactate sì ni èéfín rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tirẹ̀ kì í sábà tó 2 mmol/L. Lọ́dún 1970, Weil àti Afifi ní Amẹ́ríkà wọn èéfín yìí lára àwọn tí ìfúnpá wọn já: bí lactate ṣe ń gòkè láti 2.1 dé 8, bẹ́ẹ̀ ni ìrètí pé aláìsàn á yè ń wálẹ̀ láti 90 nínú 100 dé 10. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, a ò tíì jáwọ́ nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, èéfín yàtọ̀ sí iná. Aládùúgbò mi kan wà, bí iná wà, bí iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń pariwo ni. Ara náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Adrenaline, ìbáà jẹ́ èyí tí ara fúnra rẹ̀ tú jáde nínú ìpayà tàbí èyí tí a fún aláìsàn, ń gbé lactate ga láìjẹ́ pé ọ́síjìn wọ́n. Salbutamol tí àwọn oníkọ̀ọ́-fée ń lò ń ṣe é. Ẹni tí gìrì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, tirẹ̀ lè fò sókè gan-an, kó sì tó wákàtí mélòó kan ó ti wálẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń kó púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ lè máa gbé e kiri.

Metformin tún wà níbẹ̀. Kíndìnrín ló ń lé oògùn yìí jáde. Bí kíndìnrín bá ń ṣàìsàn, oògùn á kóra jọ sínú ara, òun nìkan á sì lè gbé lactate ga. Ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ nínú 5.2 ti Ọjọ́ Ajé jẹ́ ti metformin, kì í ṣe ti àkóràn nìkan. Ẹ̀rọ ìṣirò orí íntánẹ́ẹ̀tì kò bi ẹ̀gbọ́n yín léèrè ìyẹn. Mo gbà pé wọ́n ti dá oògùn náà dúró ní ICU, àmọ́ ẹ bi wọ́n. Ẹ sì rí i dájú pé kò sí ẹni tó ń yọ́ ọ fún bàbá láti inú báàgì. Ẹ má bínú sí mi, mo ti rí i rí, ọmọ tó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ ló sì ṣe é.

Ó tún kan bí wọ́n ṣe fa ẹ̀jẹ̀ náà. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ dókítà kékeré, ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ, mo fa ẹ̀jẹ̀ obìnrin kan láàárọ̀. Iṣan rẹ̀ kò yọ, mo fi rọ́bà di apá rẹ̀ le, mo ní kó máa di ẹ̀ṣẹ́ kó máa tú u. Nígbà tí mo rí i fà, mo gbé ìgò kékeré náà sójú fèrèsé kí ẹni tó ń gbé e lọ sí láàbù dé. Kò dé, títí oòrùn fi wọlé bá ìgò náà níbẹ̀. Lọ́sàn-án, èsì dé: lactate 6.4. Ọ̀gá mi wo ìwé, ó wo obìnrin náà tó jókòó tó ń mu ẹ̀kọ, ó ní, “Èwo nínú àwọn méjèèjì ló ń kú?” A tún un fà láìdi apá, sínú ìgò tí ìdérí rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, èyí tí fluoride wà nínú rẹ̀, mo sì fi ẹsẹ̀ ara mi sáré gbé e lọ. Ó jẹ́ 1.7. Ẹ̀jẹ̀ inú ìgò kò kú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa inú rẹ̀ ń jẹ ṣúgà lọ, wọ́n ń tú lactate jáde títí, fluoride sì ni kì í jẹ́ kí wọ́n ráyè. Láti ọjọ́ náà, bí èsì kan bá dédé fò, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni bí wọ́n ṣe fà á àti wákàtí mélòó tó lò lójú ọ̀nà.

Nínú ìwé yín, ọ̀nà tí 5.2 gbà lọ ló jẹ mí lógún. 5.2, 3.9, 2.6. Ó ti já sí ìdajì láàárín ọjọ́ méjì. Láti bí 2004 ni àwọn oníwàádìí ti ń rí i léraléra pé ẹni tí lactate rẹ̀ ń tètè wálẹ̀ ń yè ju ẹni tí tirẹ̀ dúró sójú kan lọ. Bí ẹ bá gbé aláìsàn méjì síwájú mi, ọ̀kan wọlé pẹ̀lú 5.2 tó ti di 2.6, èkejì wọlé pẹ̀lú 3 tó ti di 3.4 lọ́jọ́ kẹta, ti èkejì ni kò ní jẹ́ kí n sùn.

Bóyá ẹ ti rí dókítà tó ń fi gíláàsì pẹlẹbẹ kan tẹ orí ìka ìfábẹ̀lá bàbá. Kò ṣeré o. Á tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 títí ibẹ̀ á fi ṣì, á tú u, á sì máa kà: bí àwọ̀ kò bá padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 3, ẹ̀jẹ̀ kò tíì máa dé ìka bó ṣe yẹ. Inú ìka la ń tẹ̀, lára àwa aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ ló ti ń hàn. Ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2019 pín aláìsàn 424 ní orílẹ̀-èdè márùn-ún ní Gúúsù Amẹ́ríkà sí ọ̀nà méjì. Wọ́n ń fi lactate darí ìtọ́jú apá kan, wọ́n ń fi ìka darí ti apá kejì. Nígbà tó fi di ọjọ́ 28, nínú 100, nǹkan bí 43 ló ti kú nínú àwọn tí wọ́n fi lactate darí, 35 nínú àwọn tí wọ́n fi ìka darí. Àlàfo yẹn kò fẹ̀ tó ká fi búra pé kì í ṣe ṣèèṣì. Ṣùgbọ́n ó ti tó láti fi yé wa pé ìka tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ kò kẹ́yìn láàbù.

Mo mọ̀ pé creatinine ló dẹ́rù bà yín jù, torí òun ló ṣì ń gòkè. Ìdọ̀tí tí iṣan ara ń tú sílẹ̀ ni, kíndìnrín ló sì ń fọ̀ ọ́ jáde. Ońṣẹ́ tó ń pẹ́ dé ni creatinine. Kíndìnrín lè ti fara gbọgbẹ́ láti àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú kí creatinine tó wá sọ fún wa ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bí kíndìnrín bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jí, á tún pẹ́ kó tó wá sọ. Ẹ wo ìṣísẹ̀ rẹ̀: láti 2.1 sí 2.8, lẹ́yìn náà láti 2.8 sí 3.0. Ìgbésẹ̀ kejì kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun tí mo máa fẹ́ mọ̀, tí ẹ kò sì kọ, ni iye ìtọ̀. Ọ̀rá ìtọ̀ so mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá, nọ́ọ̀sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní wákàtí wákàtí. Ẹni tó bá wọn kílò 70, ó yẹ kó máa tọ̀ tó mílílítà 35 ó kéré tán ní wákàtí kan. Bí ìtọ̀ bá ń ṣàn, mo lè fara da 3.0 yẹn fún ọjọ́ mélòó kan sí i. Bí ọ̀rá bá ṣófo, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lè wọlé, ìyẹn náà kò sì túmọ̀ sí pé ó ti parí. Ọ̀pọ̀ ló ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tí kíndìnrín wọn á sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

3.0 kan náà lè sọ ohun tó yàtọ̀ pátápátá lára ẹlòmíràn. Ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀, Ìpínlẹ̀ Òǹdó, wọ́n tẹ̀lé aláìsàn ibà Lassa 510 láti 2018 sí 2020. Nǹkan bí 12 nínú 100 ló kú, kíndìnrín tó daṣẹ́ sílẹ̀ sì wà lára àmì tó lágbára jù lọ pé aláìsàn wà nínú ewu ikú. Níbẹ̀, bí creatinine bá gòkè, ibi tí àìsàn ba ara jẹ́ dé ló ń sọ. Ti bàbá yín, ìtọ̀ tó dí wà lára ohun tó fà á, wọ́n sì ti tú u. Ẹni tí ògiri wó lù àti ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́, àwọn méjèèjì ló wà nínú ilé tí wọn kò lè jáde, ṣùgbọ́n ẹ mọ èyí tó rọrùn láti yọ.

Platelet, ìyẹn àwọn ẹyọ wẹ́wẹ́ tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún la fi ń kà wọ́n. 82 jẹ́ 82,000 nínú ìkán ẹ̀jẹ̀ kín-ín-ún kan. Ó ń wálẹ̀, n kò ní pa irọ́ ìtùnú fún yín. Ṣùgbọ́n lára àwọn tó wà ní ICU, ó sábà máa ń dé ìsàlẹ̀ jù ní nǹkan bí ọjọ́ kẹrin, kó tó yí padà. Èyí tó bá kọ̀ tí kò yí padà lẹ́yìn ìyẹn ló ń já wa láyà. Ẹ máa wò ó láti Ọjọ́ Ẹtì lọ.

Procalcitonin, ìyẹn ohun kan tó máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bí bakitéríà bá ń da ara rú, kì í tó 0.1 lára ẹni tí ara rẹ̀ dá. 38 ti bàbá yín ní Ọjọ́ Ajé ń sọ pé bakitéríà ti gba inú ẹ̀jẹ̀ kan. Bí oògùn bá ti ń bá kòkòrò náà wí, ó máa ń dín ní ìdajì láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan. Láti 41 sí 22 sún mọ́ ìdajì. Ìyẹn sọ fún mi pé ó ṣeé ṣe kí oògùn tí wọ́n mú bá kòkòrò náà mu, àti pé ìtọ̀ tí wọ́n fà jáde ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2017, rí i pé àwọn tí procalcitonin wọn kò dín ní ìdá 80 nínú 100 títí ọjọ́ kẹrin, 20 nínú 100 wọn ló kú láàárín ọjọ́ 28. Àwọn tí tiwọn dín bẹ́ẹ̀, 10. Fún bàbá yín, ìyẹn túmọ̀ sí kó ti wà nísàlẹ̀ 8 tó bá fi máa di Ọjọ́ Ẹtì. Kíndìnrín tó ń ṣàìsàn lè mú kó falẹ̀ díẹ̀, torí náà bó bá jẹ́ 9, ẹ má sunkún. Àyẹ̀wò yìí wọ́n o. Bí wọ́n bá fo ọjọ́ kan, ẹ má rò pé wọ́n pa bàbá tì.

Ti albumin, ìyẹn purotéènì kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. 2.4 kéré, ó sì bá ikú rìn nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ nínú ara tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì máa ń jò kúrò nínú iṣan nígbà tí ara bá ń gbóná báyìí. Ẹ̀rí ibi tí bàbá ti ń bọ̀ ló jẹ́ ju ibi tí wọ́n ń lọ. Kì í sì í ṣe ẹyin sísè tí àǹtí gbé wá láti ilé ló máa gbé e dìde.

Lọ́dún 2020, àwọn kan jókòó ka iye àmì inú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn oníwàádìí ti gbé yẹ̀ wò lórí sepsis nìkan. Ó jẹ́ 258. Bí ọ̀kan bá dá tó nínú wọn, ta ni ì bá tún máa wá ìkejì? Ìdí nìyí tí a fi ń pa wọ́n pọ̀. Ìṣirò tí a ń lò jù ní ICU ni SOFA, tó ti wà láti 1996. Ẹ̀yà mẹ́fà ló ń yẹ̀ wò: ẹ̀dọ̀fóró, ọpọlọ, ìfúnpá, kíndìnrín nípasẹ̀ creatinine, ẹ̀dọ̀ nípasẹ̀ bilirubin (ohun tó ń sọ ojú di pupa rúsúrúsú bí ẹ̀dọ̀ kò bá kó o kúrò), àti platelet. Máàkì 0 sí 4 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 24 lápapọ̀, bó ṣe ń pọ̀ sí i ló ń burú sí i. Lọ́dún 2001, àwọn dókítà ní Brussels tẹ̀ ẹ́ jáde pé kì í ṣe máàkì ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ló yẹ ká wò. Bí máàkì bá gòkè láàárín wákàtí 48 àkọ́kọ́, ó kéré tán ìdajì ló kú, ì báà jẹ́ ibi tó kéré ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá dín, àwọn tó kú kò tó 27 nínú 100. Aláìsàn kan náà ni, ìṣirò kan náà ni, ọjọ́ méjì péré ló là wọ́n láàárín. Ẹ̀gbọ́n yín ṣe ìṣirò Ọjọ́ Ajé. Ẹ ní kó bá yín ṣe ti Ọjọ́rú, kó sì fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ ó ní láti bèèrè bilirubin, ipò ọpọlọ àti iye ọ́síjìn tí bàbá ń gbà, torí àwọn yẹn kò sí nínú ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́.

Èsì tún lè yí padà nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò yí padà. Ọmọ tí ibà dá wó, tí lactate rẹ̀ ju 5 lọ tàbí tí ṣúgà rẹ̀ já sísàlẹ̀ 40 mg/dL, ọmọ yẹn wà ní bèbè. Ìwádìí kan wà tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2010, tí wọ́n ṣe lára ọmọ 5,425 ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Áfíríkà; Ìlọrin wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é. Nínú àwọn tó gba quinine, 10.9 nínú 100 ló kú. Nínú àwọn tó gba artesunate, 8.5. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà kò yàtọ̀. Oògùn ló yàtọ̀. Iye ikú tí a bá so mọ́ àmì ẹ̀jẹ̀ kan, ìtọ́jú tí àwọn tí wọ́n kà nígbà yẹn rí gbà ti wà nínú rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ báyìí, torí mo fura pé ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ ìbéèrè yín nìyẹn. Ohun kan wà tí àwa oníṣègùn ń bẹ̀rù nínú àsọtẹ́lẹ̀: ó lè fọwọ́ ara rẹ̀ mú ara rẹ̀ ṣẹ. Bí mo bá sọ pé ẹnì kan máa kú, tí a dá ìtọ́jú dúró torí mo sọ bẹ́ẹ̀, á kú, màá sì rò pé mo gbọ́n. Ẹ wo àwọn tí ọkàn wọn dúró tí wọ́n sì jí i padà. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní NSE, tó ń tú jáde láti inú ọpọlọ tó bàjẹ́. Ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní ilẹ̀ Yúróòpù lọ́dún 2021 fi 60 ṣe ààlà rẹ̀. Síbẹ̀, ìlànà kan náà sọ pé ó kéré tán kí a dúró di wákàtí 72, kí àmì burúkú méjì ó kéré tán sì fẹnu kò, kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé kò sí ìrètí. NSE wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa náà, bí ẹ̀jẹ̀ bá fọ́ nínú síríǹjì, iye á fò sókè lásán. Ẹ fojú inú wò ó kí ẹnì kan ti ẹnu síríǹjì tó fọ́ ẹ̀jẹ̀ bá ikú lọ.

N kò ní sọ pé kí ẹ ta ilẹ̀, n kò sì ní sọ pé kí ẹ má tà á. Mo mọ iye tí ọjọ́ kan ní ICU ń gbà lọ́wọ́ ìdílé. Mo kàn lè sọ pé ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ kò rí bí ìwé ẹni tí a ń dá owó rẹ̀ dúró. Bí ó bá jẹ́ pé lactate wálẹ̀ tó tún gòkè ni, tí wọ́n ń fi kún noradrenaline lójoojúmọ́, tí ẹ̀rọ ti ń bá wọn mí, tí wọ́n ti dá oògùn oorun dúró tí wọn kò sì lajú, tí gbogbo èyí sì ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún ìtọ́jú tó péye, èmi fúnra mi ni màá pe ẹ̀yin ọmọ jókòó, màá sì sọ fún yín pé ara bàbá ti rẹ̀ wọ́n, kí a wo bí a ó ṣe mú kí ó rọrùn fún wọn. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìdílé. N kò rí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú ohun tí ẹ kọ.

Lọ́la, kí ẹ tó bi dókítà ní ohunkóhun mìíràn, ẹ bi í pé, “Ṣé ẹ ti dín noradrenaline kù láti àná, àbí ẹ fi kún un?” Nínú gbogbo ohun tí ẹ lè bèèrè, èyí ló tètè ń sọ òtítọ́, kò sì wá láti láàbù. Ẹ bèèrè ìtọ̀. Ẹ bèèrè bóyá kòkòrò ti hù nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbìn, àti bóyá oògùn tí wọ́n ń lò bá a mu. Ẹ rọra bèèrè, ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹbí ni kó máa bèèrè. Bí èèyàn mẹ́rin bá pe dókítà kan náà, ìdáhùn mẹ́rin lẹ ó gbé délé, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀.

Bí èsì Ọjọ́bọ̀ àti Ọjọ́ Ẹtì bá ti dé, ẹ tún kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ kọ wákàtí tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ iye kọ̀ọ̀kan.